Yàrá Tí Wọn Kì Í Gbé Omi Wọ̀

Ọkùnrin náà ti apá rẹ̀ méjèèjì gba inú ìbọ̀wọ́ rọ́bà bọ inú àpótí gíláàsì kan títí dé èjìká, ó tẹ orí ba, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí ohun tó wà nínú ibẹ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Bí Hasanat ṣe kọ́kọ́ rí Luqman nìyẹn, lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ agbálẹ̀ ní ilé ìwádìí kan lẹ́bàá ọ̀nà Mọ́níyà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú korobá omi lọ́wọ́. Ọkùnrin náà gbójú sókè.

"Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má gbé omi yẹn wọlé."

Kò pariwo. Àìpariwo yẹn gan-an ló ba Hasanat lẹ́rù. Ẹni tó bá pariwo mọ́ni, a mọ ibi tó dúró sí.

Ìgbálẹ̀ gbígbẹ nìkan ló ń mú wọ yàrá náà látọjọ́ yẹn. Wọn kì í jẹun níbẹ̀. Wọn kì í mumi níbẹ̀. Iyanrìn gbígbẹ kún inú korobá pupa kan lẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣí i nípò. Nígbà tó bèèrè ohun tó wà nínú àpótí, Luqman ní kẹ́míkà ni, ó yí ọ̀rọ̀ padà. Hasanat kò kàwé ju ìwé mẹ́fà lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ní èèwọ̀ tó báyìí, wọn kì í pè é ní kẹ́míkà ní Ìrókò tí wọ́n bí i sí.

Ó ti di opó láti ọdún mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Fàtímọ̀. Kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọnú odò láìwo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Òjò ló so wọ́n pọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọkọ̀ Ìrókò kọ̀ tí kò dé, Luqman dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró, ó ní kó wọlé. Hasanat kọ́kọ́ yọjú wo ìjókòó ẹ̀yìn. Ó wò ó bóyá ilẹ̀kùn ṣeé ṣí láti inú.

"Ẹ wo abẹ́ ìjókòó náà, Ìyá Fàtímọ̀. Ó lè jẹ́ pé mo fi èèyàn pamọ́ síbẹ̀."

"Mo ti wò ó."

Luqman rẹ́rìn-ín débi pé díẹ̀ ló kù kó gbá ewúrẹ́ kan.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé e délé. Ó ń ra àgbàdo sísun fún un lọ́nà, ó ń bi í léèrè nípa ẹ̀kọ́ Fàtímọ̀, ó sì ń rántí ìdáhùn. Ọkàn Hasanat bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé mọ́ínmọ́ín dé ẹnu yàrá yẹn, Luqman fà sẹ́yìn bí ẹni pé ejò ni. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọkùnrin náà fọ ọwọ́ dé ìgunpá, ó pààrọ̀ ẹ̀wù, ó wá jẹ mọ́ínmọ́ín náà tán nínú ọkọ̀, ó tún ha ewé rẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ìyàwó kan wà nínú yàrá yẹn tó ń jowú mi ni?"

"Ó ń jowú gan-an. Ó lè jólé."

Ó bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó ń tú ọ̀rọ̀ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí Luqman sọ fún un pé ìyàwó òun ti kú, tó sì ní òun fẹ́ mú àwọn èèyàn òun wá fẹ́ ẹ, Bàṣírù, ẹ̀gbọ́n Hasanat, kò yọ̀. Ó ní ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ń wẹ apá kó tó jẹun, tó ń bá ohun inú àpótí sọ̀rọ̀, kí ló pa ìyàwó ọ̀hún? Hasanat gbé ìbéèrè náà lọ bá Luqman nínú ọkọ̀. Luqman tẹjú mọ́ ọ̀nà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà gùn, kí àwọn fi í sílẹ̀.

Ìdààmú dé. Bí ó bá kọ̀ ọ́, ibo ni yóò tún ti rí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀? Bí ó bá gbà, tí ọ̀rọ̀ sì jẹ́ bí àwọn ṣe rò ó, orí òun àti ti Fàtímọ̀ ló fi tọrẹ yẹn.

Bàṣírù gba ọ̀dọ̀ Áfáà lọ. Áfáà kọ ẹsẹ Kùránì sára wàláà, ó fọ̀ ọ́, ó rọ omi hàǹtú náà sínú ìgò kékeré kan. Ó ní kí Hasanat wọ́n ọn sí ohun tó ń fura sí. Bó bá jẹ́ ire, kò ní ṣe nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ibi, yóò fara hàn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Luqman gbé ìṣẹ́kù ìyẹ̀fun funfun kan láti inú àpótí sínú àwo, ó fẹ́ pa agbára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó dà á nù. Ó bọ́ sí yàrá kejì láti pààrọ̀ gáàsì. Hasanat wọlé. Ó ṣe bísímílà, ó wọ́n omi náà.

Ìyẹ̀fun náà hó yàà, èéfín rú, iná sọ. Ó mú etí híjáàbù rẹ̀.

Ó fara hàn lóòótọ́.

Luqman sáré wọlé. Ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń pa iná yọ lára ògiri, ó fi wé e, ó fi ọwọ́ lásán tẹ iná náà pa lára rẹ̀. Ó da iyanrìn bo àwo. Nígbà tí ohun gbogbo rọlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó.

"Kí lẹ dà sí i?"

"Omi hàǹtú." Ó fà sẹ́yìn kan ògiri. "Ẹ sì rí i pé ó fara hàn."

Luqman jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Àdúrà kọ́ ló bá a jà. Omi ni. Bárímù ni wọ́n ń pè é, irin kan tí wọ́n so mọ́ kábọ̀nù. Bí afẹ́fẹ́ kàn án, á bàjẹ́. Bí omi kàn án, ó lè gbiná. Kò sí afẹ́fẹ́ nínú àpótí yẹn, gáàsì tí kì í bá nǹkan kan jà ló wà níbẹ̀. A máa ń fi ooru sọ ọ́ di oru, ká fi bo gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fún àwọn nǹkan kéékèèké tó ń gba iná dúró nínú fóònù. Bó bá gba ẹnu wọnú èèyàn, ọkàn ló ń dà rú. Ìdí mọ́ínmọ́ín yẹn nìyẹn."

"Wọ́n fún ìyá mi ní bárímù mu lọ́síbítù kí wọ́n tó ya àwòrán ìfun wọn. Kò pa wọ́n."

"Ìyẹn kì í yòrò. Bó ṣe wọlé ló ṣe ń jáde. Ará ilé kan náà ni wọ́n, ìwà wọn ló yàtọ̀."

Hasanat kò gbà. Ó ní kó fi omi lásán dán an wò lójú òun. Wọ́n kọ́kọ́ fi báńdéèjì di ọwọ́ Luqman. Lẹ́yìn náà, Hasanat fúnra rẹ̀ lọ ra píọ̀ wọ́tà ní ìta, òun ló já a. Luqman mú èyí tó kéré ju ẹyọ iyọ̀ lọ, ó fi í sẹ́yìn gíláàsì, ó kán omi sí i. Ó hó, ó tan yẹ́ẹ́, ó kú.

"Oṣù mẹ́ta," ni Hasanat wí. "Oṣù mẹ́ta lẹ fi ń ní kí n má ṣe èyí, kí n má ṣe tọ̀hún. Ẹ ò sọ ìdí ẹ̀ rí."

"Mo rò pé kò ní yé yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju iná lọ. Luqman rí i lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀bi òun ni, kì í ṣe tirẹ̀. Ó wá gbà láti sọ èyí tó kù.

"Ikọ́ fée ló pa ìyàwó mi. Ojú ọ̀nà ọsíbítù ló kú sí, lórí ìjókòó tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí. Ibẹ̀ lẹ wà nígbà tẹ́ ẹ bi mí. Ẹnu mi ò gbé e."

Nígbà tí ọ̀gá àgbà bèèrè, Luqman kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ló fi nǹkan náà sílẹ̀, òun ni kò kọ́ agbálẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Hasanat kò mọ̀ pé ó kọ ọ́. Ó ti lọ bá ọ̀gá fúnra rẹ̀, ó ti jẹ́wọ́ pé òun da omi. Ọ̀gá wo ìwé, ó wo obìnrin, ó ní kí àwọn méjèèjì lọ gba ẹ̀kọ́ ààbò pọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Luqman mú àgbààgbà méjì wá sí Ìrókò. Bàṣírù kò ní kí wọ́n jókòó. Ó fi wọ́n sílẹ̀ lórí ìdúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ṣé o mọ ọkùnrin yìí?"

Ẹ̀rù ṣì wà lára Hasanat, kò tíì kúrò. Ó wo Luqman, báńdéèjì ṣì wà lọ́wọ́ ìyẹn.

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n tán, bọ̀ọ̀dá mi," ló wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í, ó ń dá mi lóhùn. Òun ni mo fẹ́."

Bàṣírù mí kanlẹ̀. Ó nahùn pe Fàtímọ̀, ó ní kó gbé àga wá fún àwọn àlejò.