Búùṣì Inú Òkìtì Ìdàrọ́

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi, ó sì ṣojú ẹlòmíràn pẹ̀lú mi. N kò mutí rí láyé mi. Oorun kò kùn mí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ibà kò sì ṣe mí. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, kí ó bèèrè ẹ̀rọ omi tí ó máa ń kí ènìyàn. Àwọn obìnrin ibẹ̀ yóò júwe rẹ̀ fún un.

Ìlú Ṣakí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí èmi àti Ràsáàkì, ẹnìkejì mi, ń ṣe ṣàjèjì ní àdúgbò wa. Àwa kì í yọ́ irin, a kì í sì í lù ú. Ìyẹ̀fun irin ni a ń lò. A ó po ìyẹ̀fun náà mọ́ ọ̀rá díẹ̀, a ó dà á sínú ihò tí a gbẹ́ sí àárín irin líle, a ó sì fi jáàkì ọkọ̀ akẹ́rù tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ohun tí ó bá jáde yóò dà bí súgà onígun: ó dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n èékánná ọmọdé lè fọ́ ọ. Nígbà náà ni a ó tò ó sínú àpótí irin, tí a ó fi èédú lílọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà bà á jẹ́, tí a ó sì gbé e sínú iléru. Iná náà kì í yọ́ ọ. Ooru kàn ń mú kí hóró ìyẹ̀fun kọ̀ọ̀kan di ẹnìkejì rẹ̀ mú, títí gbogbo wọn yóò fi di irin kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ tí ó wù mí ni. Ẹni tí ó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin a máa da èérún rẹ̀ nù bí ẹni tí ń bó iṣu. Tiwa kò ní èèpo. Ohun tí a ń ṣe jù ni búùṣì, òrùka irin tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀. Èyí tí a bá ṣe báyìí a sì máa ní ihò tíntìntín nínú, èyí tí ojú kò lè rí. Bí a bá rì í sínú ọ́ìlì gbígbóná, yóò mu ún yó. Bí ẹ̀rọ bá ń yí tí ara búùṣì sì gbóná, yóò máa làágùn ọ́ìlì náà jáde. Bí ẹ̀rọ bá dúró, yóò tún fà á mu padà. Kò sí ẹni tí yóò máa fi agolo ọ́ìlì tẹ̀ lé e kiri.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́. Irin ìyẹ̀fun kò gba ìlù. Bí o bá fi ṣe ọkọ́, òkúta àkọ́kọ́ ni yóò là á sí méjì. Bí ó bá sì gùn jù, ipá jáàkì kì í dé àárín rẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti sán.

Nítorí èyí ni Adétúnjí, àgbà alágbẹ̀dẹ tí ilé àgbẹ̀dẹ rẹ̀ kọjú sí tiwa, ṣe ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Bàbá Mọ́ládé ni gbogbo ènìyàn ń pè é. “Àrọ̀ yè o!” ni a fi ń kí alágbẹ̀dẹ lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá náà kò fi kí wa rí.

“Ẹ kú ẹ̀bà títẹ̀ o!” ni yóò ké láti òdìkejì títì. “Ṣé kò ní kókó?”

“Bàbá Mọ́ládé, ẹ kí wa bí a ti ń kí oníṣẹ́ irin.”

“Èmi kẹ̀? Òòlù ta ni mo gbọ́?”

Èmi náà a máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó dùn mí ju bí mo ti ń fi hàn lọ.

Ní àsìkò ọyẹ́ kan, obìnrin kan wọlé tọ̀ wá wá láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ìyá Sodiqat ni, olórí àwọn obìnrin tí ń tọ́jú ẹ̀rọ omi àdúgbò wọn. Ó tú búùṣì kan tí ó ti jẹ dànù láti etí aṣọ rẹ̀.

“Bàbá Faith, ibi tí apá ẹ̀rọ wa ti ń yí nìyí. Bàbá Mọ́ládé rọ òmíràn fún wa. Ó ń ké bí ọmọ tuntun. Eruku ọyẹ́ wọ inú ọ́ìlì tí à ń dà sí i, òun náà sì tún ti jẹ.”

“Irú rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́ ni?” ni mo bèèrè.

“A wá a dé Ìṣẹ́yìn. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ti di ti àtijọ́. Odò tí à ń pọn báyìí, àwa àti màlúù ni a jọ ń mu ún. Ìgbẹ́ gbuuru ti dá ọmọ àbúrò mi dùbúlẹ̀. Kò lè jókòó mọ́.” Ó ki ìka bọ inú agolo ìyẹ̀fun wa, ó sì wò ó. “Ṣé èyí ni ẹ ó fi gbé ẹ̀rọ ró? Èlùbọ́ ni èmi mọ̀ ní tèmi.”

“Èlùbọ́ náà sáà ń di òkèlè, Ìyá Sodiqat,” ni Ràsáàkì dáhùn. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Ohun tí a kò sọ fún un ni pé ìsàlẹ̀ agolo ni ó ń wò. Ìyẹ̀fun tí à ń rà láti Èkó ti tán. Ọkọ̀ tí ń gbé òmíràn bọ̀ ti bàjẹ́ sọ́nà, kò sì sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí yóò dé.

Ràsáàkì ni ó rántí òkìtì.

Lójú ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, lórí ilẹ̀ ìdílé rẹ̀, òkìtì kan wà tí ó ga ju ènìyàn lọ. Ìdàrọ́ ni, pàǹtí tí àwọn tí ń yọ irin láti inú òkúta láyé àtijọ́ kó dànù. Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ wọn mọ́. Àṣà kan ṣoṣo ni ó kù. Àgbẹ̀ tí ó bá ń kọjá níbẹ̀, ìbáà ṣe Mùsùlùmí, ìbáà ṣe Kírísítẹ́nì, yóò kọjú sí òkìtì náà, yóò sì wí pé, “Àrọ̀ yè o!” Bí o bá bèèrè ìdí, wọn yóò ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá àwọn ṣe. Ẹyẹ kì í bà lé e. Ewúrẹ́ kì í gùn ún.

A lọ. A kí i. A fi òòfà ṣa àwọn èyí tí irin ṣì wà nínú wọn, a sì dì wọ́n sí àpò kan. Bí a ti gbé àpò náà sórí ọ̀kadà, afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró. Ewé kan kò mì. Mo rò pé oòrùn ni ó fà á.

A lọ̀ wọ́n. A fi èédú yan wọ́n. A jọ̀ wọ́n. Ìyẹ̀fun náà dúdú, ó sì tutù. Ó tutù ju bí ó ti yẹ lọ. Ó tó búùṣì kan ṣoṣo tí a nílò, kò sì sí àfikún. Búùṣì náà gùn. A tẹ̀ ẹ́ láti òkè, a yí i, a tún tẹ̀ ẹ́ láti ìsàlẹ̀, kí ipá lè dé àárín rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a gbé e fún iná. Bí ó bá sán, a kò ní ohun tí a ó sọ fún Ìyá Sodiqat.

Ọ̀sán gangan ni a gbé àpótí náà jáde. Ilẹ̀kùn wa wà ní títì nítorí eruku. Ẹsẹ̀ kan kò kọjá lójú ọ̀nà. Ọyẹ́ ti bo oòrùn. Ní ọjọ́ náà, òòlù Bàbá Mọ́ládé pàápàá kò dún, nítorí ó ti lọ sọmọ lórúkọ ní Kìṣí.

Mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹwìrì. Fìn-ín. Fìn-ín. Ó rọra ń dún. Gáàsì ni iléru wa ń lò. A kò ní ẹwìrì.

“Àrọ̀ yè o!”

Ohùn àgbàlagbà ni. Ó sún mọ́ wa.

“Bàbá Mọ́ládé ti dé,” ni mo wí. Inú mi dùn. “Ó kí wa lónìí.”

Ràsáàkì kò mira. “Bàbá Faith. Ohùn yẹn kò ti ìta wá.”

Mo ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí ẹnikẹ́ni. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Mọ́ládé. Eruku tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú wa. Kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀.

“Àrọ̀ yè o!”

Lọ́tẹ̀ yìí ohùn náà ju ẹyọ kan lọ. Inú àpótí ni wọ́n ti ń jáde.

“Aúsù Bílláì,” ni Ràsáàkì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Wọn kì í kí ènìyàn kú iṣẹ́ kí ó má dáhùn.”

“Dáhùn, nígbà náà.”

“Ẹ̀yin ni àgbà.”

Mo kọjú sí àpótí náà. “A dúpẹ́ o,” ni mo wí. “Ẹ ṣé.”

Ẹwìrì náà dákẹ́.

A ṣí àpótí. Búùṣì náà wà nínú èédú, ó ń dán. Kò sán níbì kankan. Ràsáàkì fi ìṣó kan án, ó sì ró gooro bí agogo. Irin ìyẹ̀fun kì í ró bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a rì í sínú ọ́ìlì, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hó jáde láti ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró bọ̀rọ̀. Ó ń jáde ṣáá, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé àwọn tí ó ti di èémí mú láti ìgbà pípẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí.

A gbé e lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, a sì dè é mọ́ ẹ̀rọ. Apá ẹ̀rọ náà ń lọ, ó ń bọ̀, kò ké. Omi tú jáde. Ìyá Sodiqat kọ́kọ́ bu tọmọ aláìsàn sọ́tọ̀ kí òun tó mu. Ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí. Èmi ni ó máa ń bá gba bọ́ọ̀lù nígbà tí mo bá dé ibẹ̀.

“Ó máa ń kí wa lọ́sàn-án,” ni Ìyá Sodiqat sọ fún mi, láìjanpata.

“Ẹ sì ń dáhùn?”

“A ń dáhùn kẹ̀! Ẹni tí ó fún ènìyàn lómi, ṣé odì ni a ó yàn án?”

Òjò ti dé, ó sì ti lọ. Mo tú búùṣì náà wò. Ihò rẹ̀ kò fẹ̀ ju bí a ti ṣe é lọ. Ó ṣì ń làágùn ọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó fi kún un. Mo mọ bí búùṣì ṣe ń mu ọ́ìlì. Èyí kọjá ohun tí mo mọ̀. Mo dè é padà.

Ìyẹ̀fun Èkó ti dé nígbà náà, a sì ń bá iṣẹ́ wa lọ. Ní ọ̀sán kan, Bàbá Mọ́ládé ń ti oko bọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Kò kí wa kú ẹ̀bà.

“Ṣé ẹ̀yin ni ẹ kó nǹkan lórí òkìtì?”

“Àpò kan ni, bàbá. A kí i kí a tó kó o.”

“Lékèélékèé bà lé e lónìí. Ewúrẹ́ ń jẹko lórí rẹ̀. Mo kí i, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń kí ògiri.” Ó yọjú wo inú ilé iṣẹ́ wa. “Àwọn tí à ń kí kò sí níbẹ̀ mọ́.”

Ó ṣí fìlà rẹ̀. Kò wo èmi, kò wo Ràsáàkì. Igun tí jáàkì wà ni ó kọjú sí.

“Àrọ̀ yè o!”

Láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo ti ń retí ìkíni náà. Mo la ẹnu. Ràsáàkì náà la ẹnu. Kò sí ẹni tí ó tíì fọhùn nínú àwa méjèèjì.

“A dúpẹ́ o,” ni àwọn ohùn ọjọ́ yẹn dáhùn láti ẹ̀yìn jáàkì.

Bàbá Mọ́ládé mi orí. Ó dé fìlà rẹ̀, ó ré títì kọjá, ó sì lọ ṣí ilé àgbẹ̀dẹ rẹ̀. Gbogbo wa padà sẹ́nu iṣẹ́.