Sátidé Tí Àna Wá Wò Ó

Ọjọ́ tí gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kọṣẹ́ ni wọ́n pàdé. Akọ̀wé ni ọkùnrin náà ní yàrá fáìlì. Obìnrin náà ló wá tún ẹ̀rọ ṣe.

"Ṣé ẹ̀rọ ńlá tó ń tọ́jú fáìlì yẹn ti kú ni?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Kò kú. Mo pè é, ó dáhùn. Ilẹ̀kùn tí ẹ ń gbà wọlé sí i ni wọ́n tì pa." Ó tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀, orúkọ àwọn aláìsàn sì tú jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

"Ẹ kọ́kọ́ gbé tíì wá ná."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá ọkùnrin náà fárígá: "Ó fi ọdún mẹ́rin jù ẹ́ lọ, ó sì ti gbélé ọkọ rí. Ṣé obìnrin tán láyé ni?" Ọmọ bẹ̀ ẹ́ títí, ìyá fi gbà láti wá wo obìnrin náà nílé bàbá rẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì kan pe obìnrin náà láti ilé ìwòsàn. "Àǹtí, a ò rí fáìlì ẹnikẹ́ni! Aláìsàn kan wà níbí, a ò mọ oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀."

Ó pe olólùfẹ́ rẹ̀ kíákíá. "Bá mi ṣàlàyé fún Màmá."

"Lọ, àyànfẹ́ mi. Màá sọ fún wọn."

Ó sáré dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ti ṣe àtúnṣe sórí ẹ̀rọ ńlá náà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ara rẹ̀ nìkan ló ń dá lóhùn, kò dá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lóhùn mọ́. Obìnrin náà ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ìlà-ìlà, ó rí ìlà tó bàjẹ́, ó tún un kọ, ó tún ẹ̀rọ tàn. Fáìlì jáde. Nọ́ọ̀sì dì mọ́ ọn.

Nígbà tó délé, àga ti ṣófo.

"Wọ́n ti lọ," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ìyá rẹ̀ ní ẹni tó fi àlejò sílẹ̀ yóò fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú."

"Kí lòun wá sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ilẹ̀ ló ń wò."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọkùnrin náà wá bẹ̀bẹ̀. "Àyànfẹ́, o mọ bí Màmá ṣe rí. Jẹ́ kí inú wọn rọ̀ ná."

"Ti Màmá kọ́ ló dùn mí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ, mi ò ní purọ́. Àmọ́ mi ò lè fẹ́ ọkọ tó ń yadi lójú ìyá rẹ̀. Máa lọ."

Lóṣù kẹrin lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà fẹ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ yàn fún un. Nígbà tí obìnrin náà gbọ́, ó ní kí Ọlọ́run fi ilé wọn ṣe ilé. Àdúrà náà korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro, síbẹ̀ ó ṣe é dé àmín.