Hàrúnà àti Ìkìlọ̀ Ojú Kọ̀ǹpútà

Orí àga ni Màsúdát wà nígbà tí Hàrúnà kọ́kọ́ rí i. Ó ti ká hìjáàbù rẹ̀ aláwọ̀ ewé sẹ́yìn, ó ń fi ẹnu agboòrùn ti fáànù àjà tó kọ̀ tí kò yí. Àga náà ń mì. Hàrúnà fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré di àga mú. Ọmọge náà rẹwà, ká má parọ́.

“Ẹ ṣeun,” ni Màsúdát wí. “Ẹ má tíì fi sílẹ̀ o, mo ṣì nílò ẹsẹ̀ mi.”

Fáànù yí. Ó sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí kọ̀ǹpútà Hàrúnà. Ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè ló kún un láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ní Tanke, n'Ílọrin, ni èyí ti ṣẹlẹ̀, nínú yàrá kan tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti máa ń háyà tábìlì. Ọmọ àgbẹ̀ Òkè-Oyi ni Hàrúnà, ètò tí yóò máa ṣírò òjò fún àwọn àgbẹ̀ ló ń kọ. Màsúdát ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà jù ú lọ.

“Kí ni gbogbo ‘mut’ yìí?” ni Màsúdát bi í.

‘Mut’ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kọ síwájú orúkọ nǹkan nínú ètò, tí wọ́n bá fẹ́ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè yí padà. Hàrúnà ti kọ ọ́ síwájú gbogbo wọn pátá, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń kìlọ̀ fún un.

“Mo ní bóyá mo lè fẹ́ yí wọn lọ́jọ́ iwájú.”

“Orúkọ abúlé tí ẹ kọ síbí ńkọ́? Ṣé Òkè-Oyi máa di Jẹ́bà lọ́la ni? Ọ̀gbẹ́ni Bóyá, ẹ yọ èyí tí ẹ̀rọ bá ní kí ẹ yọ.”

Hàrúnà fẹ́ ṣe karími, ó yọ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkìlọ̀ lọ lóòótọ́, àmọ́ ètò náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Màsúdát rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá fa àga, ó jókòó tì í.

“Àròpọ̀ òjò ń lé sí i lójoojúmọ́, òun ló yẹ kó lè yí. Ẹ dá tirẹ̀ padà. Èyí tí kò ní yí, ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Ọkàn ẹni tó bá ń ka iṣẹ́ yín á balẹ̀.”

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Láìpẹ́ wọ́n ti ń jọ jẹ wàrà díndín lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ti ń jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé, Hàrúnà á sì máa tọrọ pé kí ọ̀nà Adéwọlé, níbi tí ilé Màsúdát wà, tún gùn díẹ̀ sí i.

Nígbà tó ṣe, bàbá Màsúdát, Alájì Sàlíù, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ní kí Hàrúnà mú àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Hàrúnà ní ó di ìgbà tí àwọn bá wa iṣu tán. Wọ́n wa iṣu tán, ó ní ó di ẹ̀yìn ààwẹ̀. Ààwẹ̀ kọjá, ó tún bẹ̀rẹ̀ àwáwí. Alájì bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé tí àwọn ò bá rí wọn ní Àláàdì tó ń bọ̀, kó má mú orúkọ ọkùnrin náà wọ ilé òun mọ́.

“Olólùfẹ́ mi, sọ òótọ́ fún mi,” ni Màsúdát wí. “Kí lò ń sá fún?”

Hàrúnà wolẹ̀. Kó tó mọ Màsúdát rárá ni bàbá rẹ̀ ti bá a sọ̀rọ̀ Àsmá'ù, ọmọ aládùúgbò wọn l'Ókè-Oyi. Hàrúnà ò gbà, kò sì kọ̀.

“Kì í ṣe pé mo fẹ́ ẹ,” ó ní. “Mo kàn rò pé kí n má tíì sọ nǹkan kan, torí bóyá ìwọ náà lè yí ọkàn padà.”

Màsúdát dìde. “Ó ti pẹ́ tí mo ti fi ọ́ ṣe ọkọ lọ́kàn mi, Hàrúnà. Ìwọ ń ṣọ́ mi bóyá n ó yí padà, o wá lọ fi ọmọ ọlọ́mọ pamọ́ sẹ́yìn.” Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ.

Àánú Hàrúnà ṣe mí, àmọ́ òun ló jẹ̀bi. Ẹni tó bá lé eku méjì, á pòfo.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè-Oyi. Ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń kọ ebè, ó dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Bàbá gbé ọkọ́ sílẹ̀. “Ṣé o mọ̀ pé àwọn mìíràn ti wá tọrọ Àsmá'ù? Èmi ni mo bẹ bàbá rẹ̀ pé kó ní sùúrù fún ọ. Mi ò lè gbé ẹnu yìí padà lọ síbẹ̀. Ìwọ ni kó o lọ.”

Ó lọ. Ó kọ́kọ́ bẹ bàbá Àsmá'ù, ó wá bẹ ọmọ. Àsmá'ù ń pa ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà, kò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀.

“Bùọ̀dá Hàrúnà, mò ń dúró ni o,” ó ní. “Ọjọ́ tí ẹ ti mọ̀ ló yẹ kí ẹ ti sọ fún mi.” Ó tún pa ẹ̀pà díẹ̀ sí i. “Ọlọ́run á forí jì yín. Ẹ má fi irú ìyà yìí jẹ ẹni tí ẹ fẹ́.”

Hàrúnà sunkún títí ó fi dé Ìlọrin. Ó sì tọ́ sí i.

Ní Àláàdì, àwọn èèyàn Hàrúnà kún pálọ̀ Alájì. Wọ́n pe Màsúdát jáde, ó kúnlẹ̀.

“Ṣé ká gba àwọn àlejò yìí?” ni bàbá rẹ̀ bi í.

“Ẹ kọ́kọ́ bá mi bi ọmọ wọn léèrè ẹni tó wà l'Ókè-Oyi.”

Ìyá Hàrúnà fi ìborùn bojú. Hàrúnà dìde láàárín àwọn àgbà.

“Àsmá'ù ni orúkọ rẹ̀,” ó ní. “Mo dá a dúró láìnídìí, mo sì ti lọ bẹ òun àti bàbá rẹ̀. Màsúdát nìkan ni mo fẹ́. Bí ẹ bá tiẹ̀ kọ̀ mí lónìí, òun náà ni mo fẹ́.”

Alájì wo ọmọ rẹ̀. Omi ti wà lójú Màsúdát, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ gbà wọ́n, Bàbá mi.”

Ìyá Màsúdát ní kí wọ́n fún òun ní oṣù mélòó kan kí òun lè múra yìgì.

“Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni, Ìyá mi,” ni Màsúdát wí láti orí ìkúnlẹ̀. “Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún Hàrúnà láyè àwáwí mọ́.”

Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ní Jímọ̀ náà, lẹ́yìn ìrun, wọ́n so yìgì. Bí àwọn èèyàn ti ń ṣe àmín lọ́wọ́, Hàrúnà sún mọ́ etí rẹ̀.

“Ìyàwó mi.”

“Tún un sọ,” ni Màsúdát wí.

Ó tún un sọ, kò sì yí ohunkóhun padà níbẹ̀.