Ẹni Tó Mú Awọ Wá

Ọjọ́ tí Bàbá Ràmọ́nù gbé awọ ewúrẹ́ wá sí ẹnu ọ̀nà mi ní Kétu, mi ò ní purọ́, ojú tì mí. Yàrá kan ṣoṣo ni mo háyà nítòsí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì ń kọjá. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ó tú àpò, ó tẹ́ awọ gbígbẹ sílẹ̀ níwájú mi. Ó ní ọ̀kan nínú ewúrẹ́ ìyá mi ti kú.

Ó ti pé ọdún kan nígbà náà tí ìyá mi kú. Bàbá Ràmọ́nù ló ń bá a sin ewúrẹ́ rẹ̀ ní abúlé Okpomèta. Bí ewúrẹ́ bá bímọ, òun àti ìyá mi á pín in. Bí ẹran bá kú, ẹni tó ń sìn ín gbọ́dọ̀ mú awọ rẹ̀ wá fún ẹni tó ni ín, kí wọ́n má baà ní ó ti tà á tàbí pé ó ti jẹ ẹ́. Bí ẹni tó ni ín ò bá sí mọ́, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń mú un fún. Ọmọ náà nìyí, èmi Huguette, tí mi ò tilẹ̀ fún àgbàlagbà lómi mu.

Ewúrẹ́ mẹ́rin ló kù, méjì tèmi, méjì ti Bàbá. Mo ní kí a ta tèmi, pé mo fẹ́ fi owó rẹ̀ ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn bójú tó owó, kí ó lè pọ̀ kí n tó wọ yunifásítì. Ó bi mí bóyá àwọn yẹn ń sin owó olówó bí òun ṣe ń sin ẹran ẹlẹ́ran. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n kúkú ta tòun mọ́ ọn, kí n bá òun yan èyí tó dára, torí pé mo kàwé.

Ilé-iṣẹ́ méjì ni olùkọ́ wa ti ní kí a fi wéra: Calebasse àti Gerbe d'Or. Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, mo tẹ́ ìwé àwọn méjèèjì sórí ẹní. Owó tí àwọn èèyàn gbé fún Calebasse láti tọ́jú jẹ́ ìlọ́po méjì ti ìkejì, síbẹ̀ ìpín rẹ̀ kò wọ́n, ó sì ń pín èrè díẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ó ní ojú ewé kan tí wọ́n kọ àdánù sí: iye tó ṣòfò àti ohun tó fà á. Ìwé Gerbe d'Or kò ní irú rẹ̀. Èrè ni látòkè délẹ̀, iye ìpín rẹ̀ sì ń gòkè lóṣooṣù. Awọ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí mo gbé e kọ́ sí, èmi ò tilẹ̀ wò ó.

Kí n sòótọ́, kì í ṣe ìwé ló yan Gerbe d'Or fún mi. Latifou àti àwọn mẹ́fà mìíràn ní kíláàsì wa ti rà á. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n máa ń jókòó, wọ́n á máa fi fóònù wo iye rẹ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ, èmi nìkan ni mò ń jẹun, èmi nìkan ni mò ń sùn. Nígbà mìíràn n ò ní bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ tí mo fi owó ewúrẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ra Gerbe d'Or, wọ́n sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Oṣù mẹ́rin la fi gbádùn. Àṣírí wá tú pé Gerbe d'Or ti ń pàdánù láti ọdún mẹ́ta, ó ń fi í pamọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìpín ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fáráǹkì di ẹgbẹ̀rún kan. Abẹ́ máńgòrò dá páropáro. Bí mo bá pe Latifou, kò ní gbé e. Mo padà sí yàrá mi, èmi àti ògiri.

Ohun tó ń já mi láyà jù ni Bàbá Ràmọ́nù. Ó fẹ́ fi owó tirẹ̀ tún òrùlé ṣe kí òjò tó dé. Kò mọ̀wé. Bí mo bá ní owó ṣì ń pọ̀ sí i, yóò gbà. Mo fi irọ́ náà kọ́ ẹnu mi títí ó fi já gaara. Mo mú fóònù láti pè é, ni mo bá rí awọ yẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá ì bá ti jẹ ẹran yẹn ní Okpomèta kó sì panu mọ́, ta ni ì bá mọ̀? Èmi tí mo kàwé ni mi ò mọ ìbéèrè tó yẹ kí n bi ilé-iṣẹ́ méjèèjì: èwo nínú wọn ló mú awọ wá? Àwọn àgbà kúkú ti wí i: òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun alùpùpù lọ sí Okpomèta. Wọ́n fún mi lómi kí n tó jókòó. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, owó yín ti kú. Èyí tó kù ò tó ra ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Ẹgbẹ́ ni mò ń wá, owó yín ni mo fi wá a."

Inú bí i, mo rí i lójú rẹ̀. Ó wo òrùlé.

"O lè purọ́ fún mi."

"Mo fẹ́ purọ́, Bàbá."

"Hùn. Awọ lo mú wá yìí."

Ó wọ ẹ̀yìn ilé, ó fa ọmọ ewúrẹ́ kan jáde nínú ti ìyàwó rẹ̀, ó fi okùn rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹni tó bá mú awọ wá la máa ń fún ní òmíràn sìn. Ibí ni yóò máa gbé. Ìwọ ni yóò máa wá já ewé fún un ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi."

Òjò ọdún yẹn jò sínú ilé wọn. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tó bá rọ̀, èmi pẹ̀lú wọn la jọ ń gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò, ojú sì ń tì mí, ṣùgbọ́n mi ò dá jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi mọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe fi owó ra ẹni tí yóò bá yín jókòó. Ẹni tí kò bá sì lè fi òkú ẹran hàn yín, ẹ má ṣe gbé ààyè ẹran fún un.