Apá Tí Kò Wú

Nígbà tí Kọ́ńsítébù Adébáyọ̀ rí màrìwò tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà ahéré náà, ó dúró gbagidi, ó ní òun kò lọ síwájú mọ́. Ọlọ́pàá ni lóòótọ́, ó sì síngbọnlẹ̀ bí ẹni tí kò bẹ̀rù nǹkan kan, ṣùgbọ́n Yorùbá ni kó tó di ọlọ́pàá. Màrìwò ní ẹnu ọ̀nà nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, ohun kan ṣoṣo ló ń wí: Olóde wà níbẹ̀. Àrùn tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀ tí wọn kì í pè é ni mo ń sọ, èyí tó ń bo ara látòkè délẹ̀, tó sì ń kó ọmọ lọ nínú agbo-ilé bí ẹni ń ká ilá. Èmi náà kò ní í pè é.

Inspẹ́kítọ̀ Bùràímọ̀ Láníhùn kò dúró ní tirẹ̀. Ó fa màrìwò náà já, ó ti ilẹ̀kùn, ó wọlé, Dókítà Kọ́láwọlé sì tẹ̀ lé e. Wọ́n bá òkú ọkùnrin kan lórí ẹní, wọ́n ti fi aṣọ bò ó pátápátá. Inspẹ́kítọ̀ ṣí aṣọ lójú rẹ̀, ó sì kọ́kọ́ gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Egbò roboto-roboto ló kún ojú òkú náà, a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ imú yàtọ̀ sí ẹnu. Nígbà tó fi ọwọ́ gbé orí rẹ̀ sókè, egungun agbárí ẹ̀yìn jìn wọlé lábẹ́ ìka rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì sì fà mọ́ ẹní.

"Samuel ni," ni dókítà wí. "Samuel Oyèdìran tí a ń wá ni."

Ọdún 1957 nìyí. Ìjọba ló rán Dókítà Kọ́láwọlé wá sí Ẹdẹ láti ṣe ìwádìí. Wọ́n fẹ́ mọ̀, nínú àwọn tí wọ́n bupá fún àti àwọn tí wọn kò bupá fún, àwọn wo ni Olóde ń mú, àwọn wo ló ń kú, àwọn wo ló ń yè é. Jacob Oyèwùmí ló ń fi abẹ bupá fún àwọn ọmọ. Samuel ló máa ń padà lọ wo apá wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan bóyá ó wú, nítorí bupá tó bá jẹ́ gbọ́dọ̀ wú, kó ṣọyún, kó sì fi àpá sílẹ̀. Dókítà fúnra rẹ̀ ló kọ́ ahéré yìí sí ọ̀nà Sekona fún àwọn aláìsàn, ṣùgbọ́n kò sí aláìsàn kankan nínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí èyí ṣẹlẹ̀.

Dókítà ṣí àtẹ́lẹwọ́ òkú náà, ó ṣí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì mi orí.

"Inspẹ́kítọ̀, ẹ wò ó. Olóde kì í fi àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ sílẹ̀, ti Samuel sì mọ́ tónítóní. Iná ni wọ́n fi jó o lójú. Ara ààyè tí iná bá jó máa ń wú, ó máa ń gba omi sínú. Èyí gbẹ. Ó ti kú kí wọ́n tó jó o."

Inspẹ́kítọ̀ tú eérú inú àdògán wò, ó sì fa ìṣó gígùn kan yọ tí iná ti sọ di dúdú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó rí ìtì igi ìdáná kan tí irun lẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbọ́ mi dáadáa," ló wí. "A rí Samuel, ó ti kú. Ìyẹn nìkan la máa sọ. Màrìwò, ojú jíjó, orí fífọ́, kò gbọdọ̀ dé etí ìyàwó yín. Adébáyọ̀, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà," ni Adébáyọ̀ wí láti ìta.

Wọ́n fi aṣọ wé òkú náà, wọ́n gbé e sínú mọ́tò dókítà, wọ́n sì tì í mọ́ yàrá kan ní ilé dókítà.

Ní tẹ́ṣàn, àwọn ará ilé Samuel ti kún iwájú ọ̀nà pẹ̀lú kùmọ̀ àti àdá. Àgbẹ̀ kan láti Sekona tí ń jẹ́ Ìyàndá ni wọ́n ń fẹ́. Gbogbo ayé ló gbọ́ nígbà tó yọ àdá sí Samuel, tó ní òun á pa á. Nígbà tí wọn kò rí Samuel mọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ lọ ká Ìyàndá mọ́ oko, wọ́n nà án títí apá ọ̀tún rẹ̀ fi kán, wọ́n sì yọ eyín rẹ̀ kí àwọn ọlọ́pàá tó já a gbà. Ọ̀kan nínú wọn pariwo bí inspẹ́kítọ̀ ṣe ń wọlé.

"Bí ẹ ò bá mú un lọ sí kóòtù lónìí, a ó wọlé wá mú un! Ẹ̀yin ẹ máa wò ó, ilẹ̀ ò ní í ṣú bá a láàyè!"

Kì í ṣe ìhàlẹ̀. Ọlọ́pàá mẹ́ta péré ló wà nínú tẹ́ṣàn náà, inspẹ́kítọ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó bá Ìyàndá lórí ilẹ̀ sẹ́ẹ̀lì, ó ń gbá apá rẹ̀ mọ́ra.

"Wọ́n ti rí Samuel. Ó ti kú."

Ìyàndá ya ẹnu, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn jáde. "Wàláì, ọ̀gá, kì í ṣe èmi. Mo yọ àdá sí i, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n á yẹgi fún mi nìyẹn?"

"Kí ló dé tí o fi yọ àdá sí i?"

"Ẹ bi ìyàwó mi, ọ̀gá. Ẹnu ń dùn mí."

Fàsílátù, ìyàwó rẹ̀, jókòó sí ẹ̀yìn tẹ́ṣàn pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré kan, Kúlúsúmù, lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, inspẹ́kítọ̀ ní kó jókòó.

"Wọ́n bupá fún àwọn ọmọ mi méjèèjì, sà. Lẹ́yìn náà ni Olóde mú Ràfíù, ẹ̀gbọ́n èyí, lọ. A dúpẹ́."

Ó ń dúpẹ́, omi sì dúró sójú rẹ̀ tí kò jẹ́ kó jábọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa: ẹni tí Olóde bá pa, wọn kì í sunkún rẹ̀, wọ́n máa ń dúpẹ́ ni, kí inú má bàa bí i kó padà wá mú ẹlòmíràn. Mo ti rí ìyá tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ lọ sínú igbó. Ìkà gbáà ni, ẹ̀rù ló sì bí i.

"Samuel wá ńkọ́?"

"Ó wá wo apá Kúlúsúmù. Ó ní, 'Apá yìí ò wú rárá.' Ó wo tàwọn ọmọ àdúgbò, kò sí èyí tó wú. Ló bá jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ó bi mí pé níbo ni Ọ̀gbẹ́ni Jacob gbé fláàsì tó ń jẹ́ kí oògùn tutù sí lọ́jọ́ tó wá. Mo ní ṣebí orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló so ó mọ́ nínú oòrùn, tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, nígbà tóun ń mu ẹmu lábẹ́ igi òroǹbó. Bàbá Ràfíù gbọ́ pé apá ò wú, ó rò pé wọ́n fi ọmọ òun ṣeré ni. Ló bá wọlé lọ mú àdá."

"Ǹjẹ́ Samuel sọ ohun tó máa ṣe?"

"Ó ní òun máa kọ́kọ́ bi Ọ̀gbẹ́ni Jacob, kóun tó sọ fún dókítà. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni."

Inspẹ́kítọ̀ dìde. Ó kọjá lọ sí ilé Samuel. Bí Àdùnní, ìyàwó Samuel, ṣe gbọ́ pé ọkọ òun ti kú, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi orí gbá ògiri, ó ń ké pé, "Ta ló pa á? Ta ló pa á fún mi?" Àwọn obìnrin ilé ní láti jókòó lé e lẹ́sẹ̀.

Láti ibẹ̀, ó lọ bá Jacob. Ọkùnrin tó mọ́ra ni Jacob, irun ètè rẹ̀ gún régé, ó sì ń se àwọn abẹ bupá rẹ̀ lórí sítóòfù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Jacob. A rí òkú Samuel lónìí."

Jacob ṣí fìlà. Ó wolẹ̀. "A dúpẹ́ o," ló wí jẹ́jẹ́. "A dúpẹ́."

Jacob gbójú sókè, ó rí bí inspẹ́kítọ̀ ṣe ń wo òun, ó sì tètè dé fìlà rẹ̀ padà.

"Ìyàndá yẹn ló ṣe é. Ẹlẹ́mìí èṣù ni. Ẹ má jẹ́ kó lọ o, inspẹ́kítọ̀."

"Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi kálọ sí tẹ́ṣàn, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa Ìyàndá."

Kí wọ́n tó dé, inspẹ́kítọ̀ ti rán mọ́tò dókítà lọ sí Sekona. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí àwọn ìyá kún inú tẹ́ṣàn pẹ̀lú ọmọ wọn. Wọ́n gbé Ìyàndá jáde, wọ́n pe Àdùnní àti àgbà méjì nínú àwọn ará ilé Samuel wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyókù. Kùmọ̀ ń dún lára ilẹ̀kùn náà. Jacob jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ẹsẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Dókítà," ni inspẹ́kítọ̀ wí, "ẹ bá mi wo apá àwọn ọmọ yìí. Wọ́n ní inú oòrùn ni fláàsì oògùn wọn wà."

Dókítà gbé apá Kúlúsúmù, ó gbé ti ẹnìkejì, ó gbé ti ẹnìkẹta. Ojú rẹ̀ ń le sí i bó ṣe ń lọ. Níkẹyìn ó yíjú sí Jacob. "Kò sí àpá kankan. Jacob, oògùn tí oòrùn ti pa lo fi ń ya ọmọ ọlọ́mọ lápá?"

"Apá ọmọ mìíràn kì í wú, sà. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Odindi Sekona?" ni inspẹ́kítọ̀ wí. Kò tún bá Jacob sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀ mọ́. "Jẹ́ kí n sọ fún ọ. Mo sọ fún Ìyàndá pé Samuel kú, ó búra. Mo sọ fún ìyàwó Samuel, ó bi mí pé ta ló pa á. Mo sọ fún ìwọ, o ní a dúpẹ́. Òkú wo là ń dúpẹ́ lórí rẹ̀ nílùú yìí?"

Gbogbo àwọn ìyá náà fa ọmọ wọn mọ́ra. Wọ́n mọ ìdáhùn rẹ̀.

"Mo ń dúpẹ́ pé ẹ rí i ni," ni Jacob wí.

"Irọ́ lo pa! Òkú tí Olóde pa lò ń dúpẹ́ lé lórí. Èmi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọ́n fi ìṣó gbígbóná ṣe ojú Samuel bí ojú ẹni tí Olóde pa. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọ́n so màrìwò mọ́lẹ̀kùn. O mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa ṣí aṣọ lójú irú òkú bẹ́ẹ̀, pé wọ́n á sáré sin ín sínú igbó ni. Nígbà tí o wá rántí pé Ìyàndá wà ní sẹ́ẹ̀lì, o ní òun ló pa á. Bí Olóde ló pa Samuel, Ìyàndá kọ́. Bí Ìyàndá ló pa á, kí lò ń dúpẹ́ fún?"

Jacob dìde bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mira, ó ti já kóńdó gbà lọ́wọ́ Adébáyọ̀, ó sì fi lu Adébáyọ̀ lẹ́nu, eyín méjì fò jáde. Àwọn ìyá fọ́n ká pẹ̀lú ariwo. Ó kọjú sí ojú fèrèsé, dókítà dì í mú ní aṣọ, Jacob fi kóńdó gbá a létí, dókítà ṣubú. Inspẹ́kítọ̀ gbé àga, ó fi gbá Jacob ní ọrùn ọwọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára, egungun sì dún jáde. Àdùnní ló wá bò ó lórí ilẹ̀. Ó fi eyín di etí rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi fà á kúrò, ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀.

"Ó ní òun á sọ!" ni Jacob ń ké lórí ilẹ̀. "Mo bẹ̀ ẹ́! Nínú ahéré yẹn, mo kúnlẹ̀ fún un, mo ní a ó tún apá wọn bù ní bòńkẹ́lẹ́. Ó ní àwọn tó ti kú ńkọ́. Ó kẹ́yìn sí mi, igi ìdáná ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo lù ú títí kò fi ké mọ́."

Àwọn àgbà ilé Samuel kò lè wo ojú Ìyàndá. Ọ̀kan nínú wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì sọ fún àwọn tó wà níta pé kí wọ́n máa lọ sílé. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Jacob lọ́wọ́ tó kán náà, wọ́n wọ́ ọ lọ sínú sẹ́ẹ̀lì tí Ìyàndá ti jáde.

"Ìyàndá, o lè máa lọ," ni inspẹ́kítọ̀ wí. "Wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ Jacob ní Ìbàdàn, wọ́n á sì yẹgi fún un nítorí Samuel."

Ìyàndá kò mira. "Nítorí Samuel," ló wí. "Ta ni wọ́n máa yẹgi fún nítorí Ràfíù?"

Inspẹ́kítọ̀ mọ òfin dáadáa. Ó mọ ojú ewé tí wọ́n kọ ìpànìyàn sí, ó mọ èyí tí wọ́n kọ olè sí. Ó wá èyí tí wọ́n kọ ẹni tó gbàgbé fláàsì sínú oòrùn tó sì dákẹ́ sí, kò rí nǹkan kan.

"Kò sí," ló wí.

Ìyàndá mi orí. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó kù gba Kúlúsúmù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e lọ bá dókítà tí ń nu ẹ̀jẹ̀ etí rẹ̀, ó sì na apá ọmọ náà sí i.

"Ẹ tún un bù," ló wí. "Ojú mi ni kẹ́ ẹ ti bù ú."