Ẹni Tí Ó Ń Gòkè Bọ̀ Nínú Odò Wẹ́rẹ́

Èmi ni ìyàwó wa pè. Ẹlòmíràn ló dáhùn.

Mo wà ní ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ náà, mò ń yí iṣu èlùbọ́ tí a sá sórí àpáta padà kí oòrùn lè mú ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lucy, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ké sí mi: "Adúmáradán o!" Kí n tó la ẹnu, mo gbọ́ ohùn kan láti ọ̀nà odò. Ó jìnnà, ó sì tín-ín-rín. "Mo ń bọ̀ o!"

Mo rò pé àwọn ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ kan ló ń fi mí ṣeré. Mo bú wọn dáadáa, nítorí ẹnu tèmi kì í dilẹ̀, wọ́n sì ti mọ̀ mí bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ìgbà tí mo yíjú sí Màámi ni mo mọ̀ pé kì í ṣe eré. Ọkà ló ń rò lórí iná, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí omorogùn. Ọkà ń jóná, èéfín ń bò ó lójú, kò sì mikàn.

"Màámi, ọkà ń jó o."

"Mo gbọ́," ló wí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́nà odò.

Ọdún tí rédíò sọ pé a ti kúrò lábẹ́ Kàdúná ni, pé a ti ní ìpínlẹ̀ tiwa. Nígbà tó yá, wọ́n ní Kwara ni yóò máa jẹ́, orúkọ odò ńlá. Àwa ará Ìmọ̀jẹ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ta ló bi odò tiwa léèrè? Wẹ́rẹ́ ni odò tiwa ń jẹ́, bó sì ti ń jẹ́ náà ló rí. Abẹ́ àpáta ló ti ń sun ní Òkè-Wẹ́rẹ́, ó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá, ó lọ sí Ìdó-Ọ̀gẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn náà Etíwẹ́rẹ́ lọ́nà Arandun, kó tó lọ sọnù sínú odò tó jù ú lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, arúgbó lè là á kọjá láìká aṣọ sókè. Nígbà òjò, ẹ bá mi wá nǹkan mìíràn sọ. Ó ti gbé èèyàn lọ rí, kò sì dá gbogbo wọn padà.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ìnagijẹ ni yóò fún un. Lọ́dọ̀ àwa ará etí Wẹ́rẹ́, inú odò la ti ń ṣe é. Lọ́jọ́ tí ìyàwó bá kọ́kọ́ lọ pọnmi, yóò dúró nínú omi, àwọn ọmọ ilé yóò sì ti ẹsẹ̀ bọ omi níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Yóò gbé ọwọ́ lé ejìká ọmọ, yóò sì pe orúkọ tó fún un. Ẹni tí kò bá sí nílé, wọ́n á dúró dè é ni. Ejìká ni orúkọ ń bọ́ sí, kì í bọ́ sí afẹ́fẹ́.

Èmi kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ti Lucy. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ló kó wa lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Ọmọ Òkè-Ọdẹ sì ni Lucy, wọn kì í ṣe irú rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Ó fún àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi ní tiwọn tán, inú rẹ̀ ń dùn, ló bá ní, "Àbígbẹ̀yìn Màámi náà kò ní pòfo. Adúmáradán ni mo pè é." Ó bu omi, ó wọ́n ọn síwájú. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gberin. Kò sí ejìká kankan lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wí nǹkan kan.

Nígbà tí mo dé, orúkọ náà dùn mọ́ mi nínú. Mo dúdú, awọ mi sì ń dán. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n yin òun? Kò pẹ́ tí gbogbo abúlé fi gbà á lẹ́nu Lucy, àfi Màámi nìkan tó ń pè mí ní Rúùtù.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí ọkà jóná yẹn ni Jàrátù wá. Ẹja gbígbẹ ló máa ń kiri láti Etíwẹ́rẹ́, ẹlẹ́rìn-ín ni, kì í wọlé kó má pariwo. Lọ́jọ́ náà, ó rọra sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó fà mí lọ sẹ́yìn ògiri.

"Rúùtù, ta ló ń jẹ́ Adúmáradán nílé yín?"

"Èmi náà ni. Ìyàwó wa ló sọ mí bẹ́ẹ̀."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Àṣé ẹ̀dá alààyè ló ń jẹ́ ẹ," ló wí. "Gbọ́, má pariwo. Láti ìgbà tí ẹ ti gbéyàwó ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé orúkọ yẹn wá bá wa létí omi. Bí orúkọ náà bá ti dé, ohùn ọmọdé kan á dáhùn láàárín omi pé òun ń bọ̀. A wò títí, a kò rí èèyàn. Ọkọ mi ní kí n pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ọ mọ́ báyìí."

"Ọlọ́run ṣeun. Ó ti lọ nìyẹn."

"Kò lọ o. Ìdó-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ." Ó wo ẹ̀yìn, ó wá sún mọ́ etí mi. "Omi ń sàn wálẹ̀, òun ń gòkè. Ẹ bẹ ìyàwó yín kó má pè é mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá pè é ni ìyẹn ń fi ẹsẹ̀ síwájú."

Jàrátù kò ta ẹja kankan nílé wa lọ́jọ́ náà. Ó gbé igbá, ó gba orí ilẹ̀ lọ, kò gba etí odò.

Lucy dákẹ́ lóòótọ́. Nígbà tí mo sọ fún un, ó búra pé òun kò ní pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu kì í ṣe ìkòkò tí èèyàn lè fi ọmọrí dé. Àwọn ọmọdé ń pè mí lójú ọ̀nà. Àwọn akọrin ń pè mí. Alágbẹ̀dẹ pàápàá, tí kì í bá obìnrin ṣeré, jókòó nídìí ẹwìrì rẹ̀, ó ní, "Adúmáradán, bàbá ń kí ẹ." Mo ní kí wọ́n yé pè mí bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé mò ń ṣe fọ́ńté ni, wọ́n wá ń pè é ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdáhùn náà ń sún mọ́lé. Ó wá láti ìdí ọparun. Ó wá láti ibi tí a ti ń fọṣọ. Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan, ó wá láti ẹ̀yìn ọgbà ẹ̀fọ́ wa, mo sì gbọ́ ọ bó ṣe ń mí, bí ọmọ tó ti rìn jìnnà.

Bó ṣe ń sún mọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni ohùn tèmi ń lọ. Ó kọ́kọ́ há. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá pè mí, màá la ẹnu, nǹkan kan kò ní jáde, àfi ìgbà tí ìyẹn bá dáhùn tán. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo dúró láàárín àwọn akọrin, mo ń la ẹnu lásán. Omi inú àmù wa ń rùn bí ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀ a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni. Mo lọ yí èlùbọ́ mi padà, mo rí ojú ẹsẹ̀ ọmọdé lórí àpáta, ó tutù nínú oòrùn, ọmọ ìka kọjú sí ilé. Ẹ̀rù bà mí, mo sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí. Mo mọ̀ lọ́kàn mi pé ọjọ́ tí ìyẹn bá wọlé, kò ní sí àyè fún èmi.

Lucy ló tú ọ̀rọ̀ náà síta. Ó wo Màámi bí wọ́n ṣe jókòó, ó ní, "Màámi, kí ló tutù láyà yín yẹn?"

Màámi fi ọwọ́ bo bùbá rẹ̀. Ó pẹ́ jù, a ti rí i. Omi ọmú ni. Obìnrin tó ti dẹ́kun ọmọ bíbí láti ìgbà tó bí mi!

Ó sunkún díẹ̀, ó wá sọ̀rọ̀. "Mo ní ọmọbìnrin kan kí n tó bí Rúùtù. Caroline ló ń jẹ́. Wẹ́rẹ́ gbé e lọ lójú òjò, lójú mi báyìí. Mo dé etí omi, orí rẹ̀ ti rì. A wá a dé Etíwẹ́rẹ́, a kò rí i. Ẹni tí odò bá gbé, tí a kò rí òkú rẹ̀, a kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ fún yín."

"Kí lẹ wá ṣe?" Lucy bi í.

"Oyún wà nínú mi. Mo kúnlẹ̀ sínú omi, mo ní kí odò dá ọmọ mi padà, kó mú ohun tó bá wù ú dípò. Ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, mi ò mọ ohun tí mò ń wí."

"Oyún náà ńkọ́?"

"Rúùtù nìyí. Ìgbà tó tó, mo bí i wẹ́rẹ́." Ó nu ojú rẹ̀. "Caroline ló ń bọ̀. Ó fẹ́ gba ipò àbúrò rẹ̀. Èmi ni mo bí i. N ó pè é ní orúkọ tí mo sọ ọ́, n ó sì ní kó padà. Ọmọ kì í gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ kó ṣe agídí."

A lọ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, tí àwọn èèyàn wà lóko. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, Wẹ́rẹ́ kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, a ń rí òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Ẹyẹ kan kò ké. Lucy di ọwọ́ mi mú pinpin. Mo wo ewé òṣíbàtà lójú omi. Omi ń sàn wálẹ̀, gbogbo ewé náà sì dorí kọ òkè odò. Láàárín odò, níwájú wa gan-an, ibì kan wà tí omi ń yà fún, bó ṣe máa ń yà fún ẹsẹ̀ èèyàn. Kò sí ẹsẹ̀ níbẹ̀.

Màámi pè é. "Caroline!"

Omi ń yà lọ́tùn-ún, ó ń yà lósì.

"Caroline! Èmi ìyá rẹ ni mò ń pè ọ́!"

"Mà!"

Ohùn ńlá ni, ó mọ́ gaara, ó dún dé òkè odò. Èmi ni mo dáhùn. Mi ò pète rẹ̀, mo fi Ọlọ́run búra. Ọ̀fun mi tó ti dí là, ohùn jáde, òtútù omi sì kún imú mi, mo rí aṣọ yẹ́lò kan tó léfòó níwájú mi, mo rí Màámi létí odò ní ọ̀dọ́bìnrin, ikùn rẹ̀ yọ síta, ó ń ké orúkọ yẹn, ó ń ké e.

Màámi yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀. "Caroline?" Ó rọra wí i.

"Màámi," ni mo wí, "ẹ ò tètè dé."

Nígbà náà ni ìyẹn sọ̀rọ̀, níbi tí omi ti ń yà, níwájú orúnkún wa. Ohùn ọmọ kékeré. Kò bínú rárá.

"Èmi ni Adúmáradán. Ìyàwó ló fún mi. Mi ò ní orúkọ rí."

Màámi gbé ọwọ́ lé orí. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. "Yéè! Mo ní kó mú ohun tó bá wù ú," ló wí. "Ó dá Caroline padà fún mi, inú mi ló sì ti mú èyí. Àbígbẹ̀yìn mi! Kò rí ojú ayé, kò rí ọjọ́ ìkómọ." Omi ọmú ti ń kán sí ìró rẹ̀, kò sì bò ó mọ́.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ sílé," Lucy wí, ó ń sunkún. "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi."

Màámi fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. "Ìwọ ti mu ọmú mi tẹ́rùn," ló sọ fún mi. "Ìyẹn kò tọ́ ọ wò rí."

Ó wọ inú odò. Omi tí kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ dé orúnkún rẹ̀, ó dé ìbàdí rẹ̀, ó dé àyà rẹ̀. Ó ṣí apá, ó gbé nǹkan kan mọ́ra, ó ń ṣìpẹ̀ fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ ọwọ́. A sáré dì í mú. Ìró rẹ̀ bọ́ sí wa lọ́wọ́, ó gbẹ fúrúfúrú. Omi bo orí rẹ̀. Ìgbà tí mo tún wò, Wẹ́rẹ́ ti padà di bó ṣe wà, mo ń rí òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, òṣíbàtà sì ti dorí kọ ìsàlẹ̀ odò.

Mo ké títí. Ohùn mi kò há rárá.

Lucy tún di ọwọ́ mi mú, ó yíjú sí mi, ó la ẹnu láti pè mí. Ìnagijẹ tó fún mi ti bá ẹni tó ni ín lọ. Ìyàwó ni, kò lè pè mí ní Rúùtù, kò sì lè pe orúkọ kejì tí Màámi pè mí yẹn. Ó wò mí títí, mo rí i pé ẹ̀rù mi ń bà á. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi.