Ọ̀bẹ Inú Ìbọ̀sẹ̀

Nílé Elspeth Lindsay ní Forfar, ìlú kékeré kan ní Scotland, omi tíì ń hó, áyọ́ọ̀nù ti gbóná, kíltì ọkọ rẹ̀ sì tẹ́ gbalaja lórí tábìlì. Ó ń lọ ìṣẹ́po aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ni, irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, ó wúwo, ó ní ìlà pupa àti àwọ̀ ewé. Ọkùnrin tó bá ró o mọ́dìí kì í rìn bí ẹni tí ojú ń tì.

Murdo, ọkọ rẹ̀, kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Kò wo bọ́ọ̀lù Scotland nílẹ̀ òkèèrè rí. Ọdọọdún ló ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀ lòun máa lọ. Nígbà tí iṣẹ́ káfíńtà Struan, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wá gbé pẹ́ẹ́lí, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì sí Ljubljana, ìlú òkèèrè tí Scotland ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún bàbá rẹ̀. Ikú kò dúró de ọjọ́ ìdíje.

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ máa bá mi lọ dípò Dádì," ni Struan wí.

"Èmi? Kí ni mo mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù?"

"Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bú rẹfirí. Ẹ mọ̀ ọ́n ju Dádì lọ pàápàá."

Elspeth rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti dún nínú ilé ìdáná yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò, Àǹtí Senga wọlé wá. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù ní àdúgbò wọn. Wattie ọkọ rẹ̀ ló ń wa bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́. Kò sí ìlú tí Scotland ti gbá bọ́ọ̀lù tí Senga kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta tíì gbígbóná níbẹ̀.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o. Ẹ kó gbogbo ẹrù yín jáde, kí n wò ó."

"Àǹtí Senga, ṣé ẹ ti di kọ́sítọ́ọ̀mù ni?" ni Struan bi í.

"Kọ́sítọ́ọ̀mù á bẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ yìí? Dà á sílẹ̀, jàre. Ìyá Struan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ dà?"

"Òun nìyí. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú ike kan, kó má baà gba àyè."

"Dá a padà sínú páálí rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ sí. Bí dókítà ibẹ̀ bá bi ẹ́ pé oògùn wo lò ń lò, kí lo fẹ́ sọ fún un? Pé èyí tó funfun, tó rí roboto? Inú báàgì tí o máa gbé dání ni kó wà, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ. Ẹrù lè lọ sí ìlú míì. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í bá a lọ."

Struan bú sẹ́rìn-ín. Senga kọjú sí i.

"Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín, o ti ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tì yín sínú fóònù? Ìwé adójútòfò ìrìn-àjò ńkọ́? Tíkẹ́ẹ̀tì èkejì sì rèé, orúkọ Murdo ni wọ́n kọ sí i."

"Ta ló máa wo orúkọ?"

"Ẹni tó dúró lẹ́nu géètì. Mo ti kọ̀wé sí àjọ bọ́ọ̀lù, wọ́n ti yí i sí orúkọ ìyá rẹ. A kì í fi orúkọ òkú wọ ìlú onílùú."

Elspeth gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Senga rí i. Ó fọwọ́ kàn án léjìká.

"Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Ẹnu mi ló le, inú mi ò le."

"Mo mọ̀," ni Elspeth wí. "Òótọ́ lo sọ."

Ìgbà náà ni Senga rí ọ̀bẹ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìbọ̀sẹ̀ gígùn. Kò ju ìka àárín lọ. Ìwo àgbọ̀nrín ni wọ́n fi ṣe èèkù rẹ̀, bàbá Murdo ló sì gbẹ́ ẹ. Murdo fi í sínú ìbọ̀sẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun àti Elspeth. Ó fi í gé wàràkàṣì nínú bọ́ọ̀sì ní gbogbo ọdún tó fi ń wo bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Scotland.

"Èyí ńkọ́?" ni Senga bèèrè.

"Ìyẹn ò sí nínú ẹrù," ni Struan wí. "Inú ìbọ̀sẹ̀ ló ń gbé. Ẹni tó ró kíltì tí kò sí ọ̀bẹ ní ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, kò tíì múra tán."

"Níbí, ọlọ́pàá á rí i, á sì kí ẹ pé o kú ẹwà. Òfin wa mọ̀ pé ara aṣọ ìbílẹ̀ ni. Lọ́hùn-ún, ọ̀bẹ ni ọ̀bẹ ń jẹ́. Wọn ò ní gbà á nínú bàlúù, wọn ò ní gbà á lẹ́nu géètì pápá. Ọkùnrin kan wà láti Brechin tó kó tirẹ̀ sínú àpótí ńlá, ó kọjá wẹ́rẹ́. Nígbà tó débẹ̀ ó tì í bọ ìbọ̀sẹ̀, ó ń yan lọ wo bọ́ọ̀lù. Góòlù kan ṣoṣo tí a gbá wọlé lọ́jọ́ náà, inú àtìmọ́lé ló ti gbọ́ ariwo rẹ̀."

"Ẹni Brechin ni, ẹ má jẹ́ ó yà yín lẹ́nu," ni Struan wí.

"Ẹni Forfar náà lè ṣe é. Fi í sílẹ̀, ọmọ mi."

Struan fọwọ́ pa èèkù ìwo náà. "Dádì kì í ró kíltì láìmú un."

"Dádì rẹ kò wọ bàlúù rí."

Struan fi ọ̀bẹ náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìbọ̀sẹ̀. "Mo gbọ́, Àǹtí. Yóò wà nílé." Gbogbo wọn sì gbà pé ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ti parí.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ti ń ró kíltì láti kékeré ní ètò tirẹ̀. Kíltì, bẹ́líìtì, àpò awọ iwájú, ìbọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀bẹ. Ọwọ́ kì í dúró bi orí léèrè. Bí Struan ṣe ń múra láàárọ̀, tí Wattie ń fun fèrè ọkọ̀ níta, tí ìyá rẹ̀ ń wá ìgò ojú rẹ̀ kiri, ọwọ́ ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, kíltì pọ̀ bí òdòdó. Àwọn èèyàn ń kọrin, àwọn arìnrìn-àjò mìíràn ń ya wọ́n ní fọ́tò. Wattie ti já wọn sílẹ̀, ó ti lọ. Wọ́n tò sórí ìlà àyẹ̀wò. Struan bẹ̀rẹ̀ láti tú okùn bàtà rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì rí orí ìwo àgbọ̀nrín tó yọ lókè ìbọ̀sẹ̀.

"Struan."

"Mà?"

"Wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ."

Ojú Struan funfun bí ìyẹ̀fun. Ọwọ́ rẹ̀ ń sáré lọ síbẹ̀ nígbà tí Senga dì í mú ní apá.

"Má fà á yọ," ni Senga wí ní ohùn jẹ́jẹ́. "Ẹni tó bá fa ọ̀bẹ yọ láàrin èrò, kí ó tó ṣàlàyé, wọ́n á ti gbé e ṣánlẹ̀. Jáde lórí ìlà. Jẹ́ ká lọ fi ẹnu ara wa sọ ọ́. Àbí ẹ ò rí ayé mi, báàgì ni mo yẹ̀ wò, mi ò yẹ ẹsẹ̀ wò."

Wọ́n lọ bá òṣìṣẹ́ obìnrin kan tó dúró ní ẹ̀gbẹ́. Struan sọ ohun tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú níbi tí gbogbo ayé ti lè rí wọn.

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ kí ẹ̀rọ tó sọ ọ́," ni obìnrin náà wí. "Ká ní orí ẹ̀rọ la ti rí i ni, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni ì bá jẹ́. Ẹ lè jáde padà, kí ẹ fún ẹni tó máa gbé e lọ sílé. Bí kò bá sí ẹni bẹ́ẹ̀, àpótí irin yẹn ló kù. Ohun tó bá wọ inú rẹ̀ kì í jáde mọ́."

Senga pe Wattie. Wattie ti jìnnà, ọkọ̀ sì dí níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó tó padà dé, bàlúù á ti gbéra. Kò sí ojúlùmọ̀ kankan nítòsí.

"Ẹ máa lọ, Mọ́mì," ni Struan wí. "Èmi á padà sílé. Mi ò lè ju ọ̀bẹ Dádì sínú àpótí bí ìdọ̀tí."

Elspeth fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Obìnrin kúkurú ni, ó ní láti gbójú sókè kí ó tó rí ojú ọmọ rẹ̀.

"Ta ni bàbá rẹ ń fẹ́ kó wo bọ́ọ̀lù yìí? Ìwọ ni àbí ọ̀bẹ?"

Struan wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀.

"Ọ̀bẹ yẹn ti gé wàràkàṣì tó, ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Èmi náà máa sunkún rẹ̀, ṣùgbọ́n nílé ni. Ìwọ lo kù fún mi. Ìwọ ni mo fẹ́ bá jókòó lónìí."

Wọ́n mú Struan lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé kan, níbi tí èrò kò ti lè rí i. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọwọ́ Struan tẹ èèkù lọ́jọ́ náà, kò sì bèèrè ohunkóhun. Ó yí èèkù síwájú, ó fi í lé òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́, ó jáde wá, ó sì gbé báàgì ìyá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Ljubljana, òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, etí odò sì kún fún kíltì. Àwọn ọmọ ìlú náà ń bá wọn kọ orin tí wọn kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àkókò tó láti lọ sí pápá, Senga pín báàgì ìdọ̀tí. Ọkùnrin àti obìnrin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ṣa gbogbo ike àti agolo tó wà ní gbàgede náà. Bàbá arúgbó kan tó ń ta kọfí wò wọ́n títí, ó sì gbé ife kan fún Elspeth. Kò gba owó.

Lẹ́nu géètì, ọlọ́pàá fọwọ́ ra ìbọ̀sẹ̀ gbogbo ẹni tó ró kíltì, láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó ra ti Struan, ó mi orí, ó ní kí ó kọjá. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn wọn kò kọjá. Bí wọ́n ṣe ń mú un lọ, ó ń pariwo pé aṣọ ìbílẹ̀ ni, aṣọ ìbílẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀.

Ọ̀mì ni bọ́ọ̀lù náà. Elspeth bú rẹfirí dáadáa débi pé àwọn tó wà níwájú wọn yíjú padà wá kí i. Nígbà tí Scotland gbá góòlù wọlé, Struan gbé ìyá rẹ̀ kúrò nílẹ̀ pátápátá.

"Sọ̀ mí kalẹ̀," ni Elspeth wí. Omi wà lójú rẹ̀. "Sọ̀ mí kalẹ̀, ọmọ Murdo."

Láti ìgbà náà, kí bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ Forfar tó gbéra fún ìrìn-àjò, Struan ló ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ró kíltì, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó sì tú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ kí ó tó wọlé. Wọ́n ń pè é ní Ọ̀gá Ìbọ̀sẹ̀. Ó ń dá wọn lóhùn. Ọ̀bẹ mẹ́ta ló ti dá padà sílé báyìí, ìyá rẹ̀ sì máa ń sọ ọ́ fún àlejò bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ gba oyè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti lọ wo bọ́ọ̀lù tàbí láti lo ọjọ́ díẹ̀ ní ìlú òkèèrè, ẹ yẹ ara yín wò kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn ilé. Ohun tí òfin gbà nílé yín, òfin ibòmíràn lè má gbà á, ì báà jẹ́ ogún bàbá yín. Bí ẹ bá gbàgbé nǹkan sára, ẹ jáde lórí ìlà, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí oògùn yín wà nínú páálí rẹ̀, kí tíkẹ́ẹ̀tì yín jẹ́ orúkọ yín, kí ẹ sì rà á lọ́wọ́ àjọ tó ni í, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó dúró ní kọ̀rọ̀. Ẹ gba ìwé adójútòfò kí ẹ tó gbéra. Ẹ kọrin, ẹ jó, kí ẹ sì ṣa ìdọ̀tí yín. Orúkọ ìlú yín lẹ gbé lọ́wọ́: ẹ gbé e lọ ní mímọ́, ẹ gbé e bọ̀ ní mímọ́.